Flaco òwìwí tó sá kúrò ní súù: ṣé kí wọ́n fi í sílẹ̀ ló dáa àbí kí wọ́n mú un padà?

Bàbá Ìbejì Bronx: Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Àná mo gba inú Central Park kọjá, mo rí àwọn òyìnbó kan nídìí igi ńlá kan tí wọ́n ń ya fọ́tò igi, igi lásán o, mo bi wọ́n pé kí ló wà níbẹ̀, wọ́n ní igi tí Flaco fẹ́ràn jù ni. Fún ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n, Flaco ni òwìwí ńlá tí ẹnì kan gé wáyà ilé ẹ̀ ní súù Central Park ní alẹ́ February 2, 2023, tó fò jáde, tó wá ń gbé àárín Manhattan bí ẹni tó san rẹ́ǹtì, fún ọdún kan ó lé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kó tó di pé wọ́n bá a nílẹ̀ ní àgbàlá ilé kan ní West 89th Street ní February 23, 2024. Títí dòní wọn ò rí ẹni tó gé wáyà yẹn mú. Mo wá délé mo ń sọ fún ìyàwó mi pé ẹyẹ yẹn jayé, pé bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀ yẹn ló dáa. Obìnrin ní rárá, ó ní ikú ni wọ́n fi í sílẹ̀ fún. Àtàná la ti wà lórí ẹ̀, oúnjẹ alẹ́ pàápàá ìjà la fi jẹ ẹ́. Ẹ bá wa dá ẹjọ́ yìí o jàre.

Àjàlá Ọmọ Olójò: Tọkọtaya ń jà nítorí òwìwí 😂 Ẹ̀gbọ́n, ẹ tọrọ àforíjì kẹ́ ẹ lè jẹun.

Ajíhìnrere Tóyìn: Òwìwí kẹ̀? Ẹ̀yin ará, ẹ rọra o. Èwo ni kí ọmọ Yorùbá máa dárò òwìwí. Nílé wa ní Ìṣẹ́yìn, tí òwìwí bá fi lè ké lórí igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé lálẹ́, bàbá mi ò ní sùn mọ́ nìyẹn, á jí gbogbo wa, àdúrà di àfẹ̀mọ́jú. Àwọn àgbà ò kúkú fi bò, àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ẹyẹ tó ń wo èèyàn bí èèyàn, tó ń yí ọrùn dé ẹ̀yìn. Káwọn òyìnbó máa sunkún tiwọn, ẹ̀yin ẹ fi sílẹ̀.

Ìyá Ṣadé: Àbúrò mi Tóyìn mo gbọ́ ẹ o, mi ò sì ní bú ẹ, torí ilé tí wọ́n bí ẹ sí náà ni wọ́n bí mi sí. Jẹ́ n sọ tèmi. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe, alẹ́ ni mo máa ń wọlé, ìgbà yẹn màmá òyìnbó kan tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún ni mò ń tọ́jú ní Upper West Side. Ìparí November 2023 ni, aago méjì òru ti lù, mo ń po tíì lọ́wọ́ ni mo gbọ́ ohùn kan látorí táǹkì omi ilé ọ̀ọ́kán, hùú-hu, á dákẹ́, hùú-hu, ó jinlẹ̀ bí ohùn ọkùnrin tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tí kò rí ẹni dá a lóhùn. Ṣé ẹ mọ ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi? Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Kọ́ọ̀pù bọ́ lọ́wọ́ mi ó fọ́. Mo ní wọ́n ti tẹ̀ lé mi dé Amẹ́ríkà. Mo pe àbúrò mi ní Òṣogbo, ilẹ̀ ti mọ́ lọ́dọ̀ tiwọn, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè mìíràn gbàdúrà lórí fóònù, èmi náà ń ṣe àmín. A wà lórí ẹ̀ ni mo gbọ́ tí màmá ń rẹ́rìn-ín lórí bẹ́ẹ̀dì. Màmá tí kì í rẹ́rìn-ín o. Ó ní kí n gbé òun lọ sójú wíńdò, ó ní ọ̀rẹ́ òun ti dé. Bí mo ṣe di ẹni tó ń retí òwìwí lóru nìyẹn. Alẹ́ tí kò bá ké, màmá ò ní sùn, á ní kí n ṣí wíńdò díẹ̀, nínú òtútù yẹn.

Àjàlá Ọmọ Olójò: Mummy ẹ ò sọ pé wọ́n ti tẹ̀ lé yín dé Amẹ́ríkà 😭😭 mo kú

Dókítà Ẹran Ìbàdàn: Mummy, ìtàn yín dùn, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mi ni ẹran, ẹ jẹ́ n sọ ohun tí wọ́n bá nínú ẹyẹ yẹn nígbà tí wọ́n là á. Àwọn dókítà Bronx Zoo ló yẹ̀ ẹ́ wò, èsì tó kún jáde ní March 2024. Ilé tó forí gbá nìkan kọ́ ló pa á. Fáírọ́ọ̀sì ẹyẹlé wà lára ẹ̀, irú èyí tí ẹyẹlé fúnra ẹ̀ lè máa gbé kiri kí nǹkan kan má ṣe é, ṣùgbọ́n tí òwìwí bá jẹ irú ẹyẹlé bẹ́ẹ̀, ó ti gbé ikú mì. Ó ti ba ẹ̀dọ̀ ẹ̀ jẹ́, ó ti wọ mùdùnmúdùn eegun, ó ti dé ọpọlọ. Lórí ìyẹn, oríṣi májèlé eku mẹ́rin ló wà nínú ara ẹ̀. MẸ́RIN. Àwọn dókítà yẹn ní ká tiẹ̀ ní kò já lulẹ̀ rárá, ohun tó wà lára ẹ̀ yẹn nìkan tó pa á. Bàbá Ìbejì wá ní ó jayé. Ayé wo?

Bàbá Ìbejì Bronx: Dókítà, ẹ ṣé, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ka ti ẹ̀yìn náà. March 2010 ni wọ́n pa á látinú ẹyin ní North Carolina, níbi tí wọ́n ti ń sin ẹyẹ, kí ọdún yẹn tó dé ìdajì ó ti wà ní New York. Ọdún méjìlá ààbọ̀ ó lé ló fi wà nínú ilé tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju ibi tí wọ́n ti ń dúró de bọ́ọ̀sì lọ. Wọ́n kun ògiri ẹ̀yìn ẹ̀ bí òkè, kó lè dà bíi pé orí òkè ló wà. Ẹyẹ tí apá ẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà tó bá nà án! Òkè kíkùn! Èmi mọ ohun tí mò ń sọ, mo ti gbé yàrá kan rí níbí tí mo bá na ọwọ́ méjèèjì mo ti kan ògiri, ó sì ní kàlẹ́ńdà tí wọ́n ya òkun sí. Nígbà tó jáde, gbogbo ayé ní ebi ló máa pa á, torí eku tí wọ́n ti pa sílẹ̀ ló fi gbogbo ayé ẹ̀ jẹ. Ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀? Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé ó ti ń mú eku fúnra ẹ̀. Ta ló kọ́ ọ? Wọ́n dẹ pańpẹ́ fún un, wọ́n fi eku dẹ ẹ́, wọ́n gbé ohùn òwìwí mìíràn sí i nínú ẹ̀rọ pé kó lè sọ̀ kalẹ̀, ó kọ̀. Àwọn aráàlú bẹ súù pé ẹ fi í sílẹ̀, wọ́n kọ orúkọ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn súù náà rí i pé ó ń jẹun dáadáa, ni wọ́n bá dá pańpẹ́ dúró. Tó bá jẹ́ ìwọ ni Dókítà, ọdún kan lórí òkè tòótọ́ àbí ogún ọdún níwájú òkè kíkùn?

Dókítà Ẹran Ìbàdàn: Sà, òkè tòótọ́ wo ló wà ní Manhattan? Wọ́n wọn òkú ẹ̀, kílò kan ó lé 890 gíráàmù. Ìgbà tí wọ́n wọn ọ́n gbẹ̀yìn ní súù, kílò kan ó lé 900. Èèyàn á ní kò rù, ara ẹ̀ dá. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nínú ẹ̀ gan-an nìyẹn. Ẹ ń rí i nínú fídíò tó sanra tó ń dán, májèlé ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀.

Àjàlá Ọmọ Olójò: Ẹ sọ pé ó sanra, kí ló dé tí wọ́n wá sọ ọ́ ní Flaco? Ṣebí tín-ín-rín ni Flaco ní èdè àwọn ará Spain, ọmọ Dominican kan níbi iṣẹ́ mi ló ń jẹ́ ẹ, ikùn ẹ̀ sì ti dé iwájú kó tó dé.

Báyọ̀ Peckham: Ẹ jẹ́ ká dá sí i látọ̀dọ̀ tiwa náà. Ẹ ń ṣe bíi pé New York ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ní London ní 1965, idì kan wà ní London Zoo tó ń jẹ́ Goldie, wọ́n ń fọ ilé ẹ̀ lọ́wọ́ ní ìparí February ló fò jáde. Ọjọ́ méjìlá ló fi wà níta ní Regent's Park. Èèyàn ń wá wò ó lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún, mọ́tò dúró gbọnin lójú títì, wọ́n dárúkọ ẹ̀ nílé aṣòfin wọ́n pariwo yè é fún un. Ó tiẹ̀ lọ pa pẹ́pẹ́yẹ jẹ nínú ọgbà ilé aṣojú Amẹ́ríkà. Ehoro tí wọ́n ti pa ni wọ́n fi tàn án mọ́lẹ̀, ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀ ló sì mú un. Ó padà sílé láyọ̀ àti àlàáfíà. Kí ọdún yẹn tó parí ó tún jáde lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n tún mú un 😂 Ohun tí mò ń sọ ni pé wọ́n fẹ́ràn ẹ̀ láìjẹ́ pé ó kú. Èyí tí wọ́n fẹ́ràn ní New York, wọ́n fẹ́ràn ẹ̀ dé ibojì.

Àjàlá Ọmọ Olójò: Ẹ má gbàgbé ṣèbé tó sọnù ní Bronx Zoo ní March 2011. Ẹnì kan ṣí Twitter fún ejò yẹn, ó ń kọ ibi tó dé káàkiri ìlú, èèyàn tó lé ní 200,000 ló ń tẹ̀ lé e. Ejò ò sì kúrò níbì kankan o, inú ilé tí wọ́n ń kó àwọn afàyàfà sí náà ni wọ́n ti rí i lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan.

Bàbá Ìbejì Bronx: Àjàlá, ìwọ ń fi ṣeré, Bronx ni mo wà nígbà yẹn o. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn mi ò jókòó ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ láì kọ́kọ́ tan iná wo inú ẹ̀.

Ọmọ Ifẹ̀ Oòyè: Èmi ń kà á láti òkè, ọ̀rọ̀ yín ń ṣe mí bákan. February 23, 2024 ni Flaco kú, àbí? February 19 ọdún yẹn gan-an, ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú, ni kìnnìún pa olùtọ́jú ẹ̀ ní súù OAU ní Ifẹ̀. Ọkùnrin yẹn ló ń tọ́jú wọn láti kékeré, ọdún bíi mẹ́sàn-án. Wọ́n pa kìnnìún náà. Ọ̀sẹ̀ kan náà ni o. Mo ń yí fóònù mi wò, òyìnbó ń to òdòdó sídìí igi fún òwìwí, ilé wa ń múra ìsìnkú èèyàn. Ní Jos ní December 2015, kìnnìún jáde nínú ilé ẹ̀ ní súù, ìbọn ni wọ́n fi dá a lóhùn. Kò sí ìwé ẹ̀bẹ̀ kankan. Mi ò ní òyìnbó ò gbọdọ̀ sunkún o. Mo kàn ń sọ pé ẹni tí ilé ẹ̀ tòrò ló ń ráyè bá ẹyẹ ṣọ̀fọ̀.

Ìyá Ṣadé: Ọmọ mi, má sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ilé mi ò tòrò nígbà yẹn, ìwé mi gan-an ò tíì jáde.

Ọmọ Ifẹ̀ Oòyè: Ẹ má bínú mà. Mo gbà.

Dókítà Ẹran Ìbàdàn: Ọmọ Ifẹ̀, ohun tó o sọ yẹn ló yẹ ká gbé yẹ̀ wò dáadáa, kì í ṣe torí ilé tó tòrò, torí irú ẹran tó jáde ni. Òwìwí ò lè jẹ èèyàn, ìyẹn ni gbogbo yín ṣe ń pè é ní ọmọlúàbí. Ní June 2015 omi yalé ní Tbilisi, ní orílẹ̀-èdè Georgia, súù wọn rì, àwọn ẹranko bọ́ sígboro. Erinmi kan rìn jáde sójú títì, wọ́n ta á ní abẹ́rẹ́ oorun, àwọn èèyàn ń tì í nídìí lọ sílé bí mọ́tò tó kọ̀, gbogbo ayé fẹ́ràn ẹ̀. Lọ́jọ́ díẹ̀ sí i, táígà kan tí wọ́n rò pé ó ti kú pa ọkùnrin kan. Súù kan náà, omi kan náà. Ẹni tó bá ní kí ẹran tó bá ti jáde máa lọ, kó mọ̀ pé eyín ẹran yẹn ló ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe òmìnira.

Báyọ̀ Peckham: Dókítà sọ̀rọ̀.

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú àtijọ́ o. Èmi ni ìyàwó tí wọ́n ń fi ẹjọ́ ẹ̀ sùn kiri.

Àjàlá Ọmọ Olójò: Ha! Ẹ sáré wá ooo, ìyálé ilé ti dé 🔥

Bàbá Ìbejì Bronx: Ìyàwó mi, o ti délé?

Ìyá Ìbejì: Mo wà nínú ọkọ̀, mò ń ka gbogbo ohun tí o kọ, títí dé orí kàlẹ́ńdà òkun. O ò sọ fún wọn pé ìwọ nínú yàrá kékeré yẹn, o ní fóònù tó o fi ń pè mí lójoojúmọ́. Òwìwí yẹn ta ló ní? Irú ẹ̀ kì í ṣe ẹyẹ Amẹ́ríkà, Yúróòpù àti Éṣíà ni wọ́n ti wá. Kò sí abo kan ṣoṣo nínú igbó ibẹ̀ yẹn tó lè dá a lóhùn. Ohùn tí Ìyá Ṣadé ń gbọ́ lóru tó ń dùn mọ́ yín, akọ tó ń pe ìyàwó ni. Ó ń ké lórí táǹkì yìí, ó lọ sórí tọ̀hún, ní ìparí October ó kúrò ní pákì pátápátá ó lọ dé East Village, ó tún padà wá sókè. Ẹ̀yin ẹ ní ó ń rìnrìn àfẹ́. Ó ń yọjú lójú wíńdò àwọn èèyàn, wọ́n ń ya fídíò, wọ́n ń sọ pé ó wá kí wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló sọ fún yín pé ẹ̀yin ló ń wá? Èmi rò pé ìgbà tí wọ́n rí i pé kò sí ìyàwó fún un títí ayé, ó yẹ kí wọ́n tún gbé pańpẹ́ yẹn jáde. Kí wọ́n kọ́ ilé tó tóbi fún un, kí wọ́n wá abo fún un. Bí wọ́n ṣe ṣe fún kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà Seoul nìyẹn, Sero, tó fọ́ ọgbà onípákó jáde ní March 2023, tó ń sáré láàárín mọ́tò. Bàbá àti ìyá ẹ̀ ló kú tí orí ẹ̀ fi dàrú. Nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta, wọ́n ti ta á ní abẹ́rẹ́ oorun, wọ́n gbé e padà sílé, wọ́n tún ọgbà ṣe, wọ́n mú ìyàwó wá fún un.

Bàbá Ìbejì Bronx: Ìyàwó tí wọ́n mú wá ńkọ́? Ṣé o sọ fún wọn pé ó kú ní October ọdún yẹn, inú rírun ló pa á? Sọ gbogbo ẹ̀ tán.

Ìyá Ìbejì: Ó kú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Sero ò kú sójú títì.

Ajíhìnrere Tóyìn: Ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì yìí wọ̀ mí lára, àjẹ́ o, kì í ṣe àjẹ́ o. Kéèyàn máa ké lóru kẹ́nikẹ́ni má dáhùn. Mi ò sọ pé mo fẹ́ràn ẹyẹ yẹn o.

Súpà Kọ́lá: Mo ti ń ka gbogbo ẹ̀ láti àárọ̀, mi ò fẹ́ dá sí i. Súpà ni mí ní Manhattan, ilé alájà méjìlá ni mò ń bójú tó, mi ò ní sọ àdúgbò. Gbogbo yín ń bú súù, ẹ ń bú òyìnbó, ẹ ń bú ẹni tó gé wáyà. Àwọn àpótí dúdú kékeré tí ẹ ń rí nídìí ògiri káàkiri ìlú yẹn, májèlé eku ló wà nínú ẹ̀. Oṣooṣù ni wọ́n ń wá kó òmíràn sí i níbi tiwa, èmi ni mo ń ṣílẹ̀kùn fún wọn, èmi ni mo ń buwọ́ lùwé. Torí kí ni? Torí àwọn tó ń gbé ilé yẹn ò fẹ́ rí eku. Ẹnì kan wà lájà kẹsàn-án, ó lẹ fọ́tò Flaco mọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀, fọ́tò ńlá, ọjọ́ tí Flaco kú ó wọ dúdú. Òun náà ló ń pè mí jù pé òun rí eku létí àpò pàǹtí, pé kí ni mò ń ṣe sí i. Mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́, èmi náà ya fídíò ẹyẹ yẹn. Ó bà sórí ẹ̀rọ amúlétutù lára ilé tó kọjú sí wa, mo dúró nínú òtútù ogójì ìṣẹ́jú, mo fi ránṣẹ́ sáwọn ọmọ mi ní Abẹ́òkúta. Nígbà tí èsì yẹn jáde pé májèlé mẹ́rin, mo lọ wo ohun tí wọ́n kọ sára páálí tiwa. Mi ò lè sọ pé tiwa kọ́.

Àjàlá Ọmọ Olójò: Àṣé ọ̀tápíápíá náà ni. Ẹ̀gbọ́n mo fẹ́ dápàárá ṣùgbọ́n ẹ ti pa ẹnu mi dé.

Dókítà Ẹran Ìbàdàn: Bọ̀dá Kọ́lá, ẹ ṣé tẹ́ ẹ sọ ọ́. Kì í ṣe ọ̀tápíápíá, Àjàlá, ọ̀tápíápíá yá ju ìyẹn lọ. Èyí tí wọ́n ń lò níbẹ̀ kì í jẹ́ kẹ́jẹ̀ dì. Eku á jẹ ẹ́ lónìí, á ṣì máa rìn fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ̀jẹ̀ á máa dà nínú ara ẹ̀, á máa tẹ̀ bí ọ̀mùtí, á máa jáde lójú ọ̀sán. Irú eku bẹ́ẹ̀ ló rọrùn jù láti gbé. Òwìwí ń rò pé òun rí jẹ. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí ní pákì yẹn náà, òwìwí kan tí wọ́n ń pè ní Barry, tiẹ̀ kì í ṣe ti súù, ó kọlu ọkọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ pákì ní August 2021 ó kú, wọ́n là á, májèlé eku kún inú ẹ̀. Ọdún kan ààbọ̀ kí Flaco tó jáde. Wọ́n mọ̀. Ìyẹn ni mo fi ń sọ pé kò yẹ kí wọ́n fi í sílẹ̀.

Bàbá Ìbejì Bronx: Tàbí ìyẹn ló fi hàn pé májèlé ló yẹ kí wọ́n kó kúrò, kì í ṣe ẹyẹ! Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Àwọn ẹyẹ mìíràn tí kò gbé súù rí ńkọ́, ṣé ká kó gbogbo wọn sí kéèjì ni? Àwọn tó ń ka òkú ẹyẹ ní New York ní ẹyẹ bíi 90,000 sí 230,000 ló ń forí gbá gíláàsì ilé kú lọ́dọọdún níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ ọ̀kan. Flaco ni wọ́n fi mọ̀.

Dókítà Ẹran Ìbàdàn: Bàbá Ìbejì, èyí tẹ́ ẹ sọ yìí mi ò lè já a. Ṣùgbọ́n dókítà ni mí, ẹyẹ tó wà níwájú mi ni mò ń tọ́jú, kì í ṣe òfin ìlú. Tẹ́nì kan bá gbé ọmọ ẹ̀ wá bá mi mi ò ní sọ pé jẹ́ kó kọ́kọ́ kú ká lè fi mọ̀.

Súpà Kọ́lá: Òfin náà jáde o. Ní September 2024 àwọn aṣòfin ìlú New York fọwọ́ sí ọ̀kan tí wọ́n pè ní Flaco's Law, pé kí wọ́n dán oògùn tí kì í jẹ́ kí eku bímọ wò ní àwọn àdúgbò kan, dípò májèlé. Fètò sọ́mọ bíbí fún eku. Àjàlá, máa rẹ́rìn-ín. Wọ́n tún ti ń fipá mú àwọn sọ́ọ̀bù láti March 2024, àtàwọn ilé kéékèèké láti November, pé kí wọ́n kó pàǹtí sínú ike tó ní ọmọrí, kì í ṣe àpò lásán sójú títì mọ́. Oògùn eku gidi nìyẹn. Eku tí ò rí jẹ ò ní wá. Èmi ti sọ fún àwọn tó ni ilé pé ká gbé àpótí dúdú yẹn kúrò ká fi pańpẹ́ rọ́pò, wọ́n ní àwọn á gbìmọ̀ lé e. Wọ́n ṣì ń gbìmọ̀.

Báyọ̀ Peckham: Ìgbìmọ̀ onílé 😩 nílé lóko ìkan náà ni wọ́n.

Ìyá Ìbejì: Bàbá Ìbejì, mo gbà pé májèlé ló yẹ kí wọ́n kó kúrò. Ìwọ náà gbà pé ìyàwó ló yẹ kí wọ́n wá fún un. Oúnjẹ wà nínú fíríìjì, gbé e kaná kí n tó dé.

Bàbá Ìbejì Bronx: Mi ò tíì gbà o. Ọdún kan yẹn, mi ò lè gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti ń gbé e kaná.

Ìyá Ṣadé: Dókítà, ẹ jọ̀ọ́ mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Bí ọ̀sẹ̀ kan kó tó kú, a ò gbọ́ ohùn ẹ̀ mọ́. Màmá ń bi mí, mo ní bóyá ó ti lọ sádùúgbò mìíràn, torí bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, á lọ á bọ̀. Ṣé ibòmíràn ló lọ ni àbí àìsàn ni?

Dókítà Ẹran Ìbàdàn: Àwọn tó ń tọ́pa ẹ̀ náà sọ pé wọn ò gbọ́ igbe ẹ̀ mọ́ láwọn ọjọ́ tó kẹ́yìn yẹn mà. Mi ò wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹyẹ tó bá ń ṣàìsàn, igbe ló kọ́kọ́ máa ń fi sílẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ìtòsí yín náà ló wà.

Ìyá Ṣadé: Hmm. Ilé tó já sí, bíi títì mélòó kan sí wa náà ni.

Alẹ́ ọjọ́ Friday yẹn mo débi iṣẹ́, mo ti gbọ́ nínú ìròyìn, màmá ò tíì gbọ́. Ó ní kí n ṣí wíńdò. Mo ṣí i. A jókòó. Ó ní kò mà ké. Mo lọ sí kíṣìnnì, mo wá fídíò ẹ̀ kan lórí fóònù, èyí tó ti ń ké lórí táǹkì, mo yí ohùn ẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ kó má baà dún jù, mo gbé fóònù sẹ́yìn kọ́tìnnì lójú wíńdò. Ọlọ́run dárí jì mí. Mo fi ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ajíhìnrere Tóyìn: Màmá náà ńkọ́ mà?

Ìyá Ṣadé: Ó sùn.